Iyùn Rírọ̀ Nínú Ilé: Ìtọ́jú Rẹ̀, Oúnjẹ Rẹ̀ àti Ìṣirò Owó Rẹ̀

Lójú ewé ìṣòwò yìí, owó-orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ilé rírà la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi inú gíláàsì la gbé wá. Àwọn òbí kan ló bi wá lẹ́yìn ìpàdé pé: "Ọmọ wa ní òun fẹ́ sin iyùn ààyè nínú ilé. Èló ni yóò ná wa? Ṣé kò ní kú?"

Ìbéèrè méjèèjì yẹ fún oníṣirò owó, nítorí pé ibì kan náà ni ìdáhùn wọn wà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sin iyùn rírọ̀ nílé wa níbí ní Temple Hills. A ti pàdánù, a sì ti jèrè. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ebi kì í sábà pa iyùn rírọ̀. Àjẹjù àti omi tí kò dúró sójú kan ló ń pa á. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó mówó jáde ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó òfo.

KÍ NI IYÙN RÍRỌ̀?

Gbogbo wa la mọ iyùn. Ọba ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìyàwó ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwa náà sì ń kó tiwa jáde nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń ṣe àjọyọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síbí ni kò mọ̀ pé ẹ̀dá ààyè ni iyùn kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì tó dá a lu. Ojúlówó iyùn pupa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corallium rubrum, inú Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá. Àwọn oníṣòwò ará Potogí wà lára àwọn tó kó o wá sí etíkun wa láyé àtijọ́.

Ìbátan iyùn pupa yìí ni iyùn rírọ̀. Inú ìdílé ńlá kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Octocorallia, ni àwọn méjèèjì wà. Ẹnu wẹ́wẹ́ ló bo ara wọn, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ mẹ́jọ tó rí bí ìyẹ́. Ìyàtọ̀ wọn ni pé iyùn pupa ní egungun líle nínú, nígbà tó jẹ́ pé ègé egungun tín-ín-tìn-ìn-tín ló fọ́n káàkiri inú ara iyùn rírọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí omi bá ti ń gbé e. Ẹranko ni. Kì í ṣe ewéko, kì í sì í ṣe òkúta.

Àwọn tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Sarcophyton, tó rí bí olú ńlá. Sinularia, tó rí bí ìka ọwọ́. Àti Capnella, tó rí bí igi kékeré. Xenia náà rẹwà, ó máa ń ṣí ọwọ́, á tún pa á dé bí ẹni ń pàtẹ́wọ́. Àwọn olùtajà tún máa ń kó Discosoma àti zoanthid mọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìdílé kan náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn jọra.

IBI TÍ Ẹ TI LÈ KỌ́ ỌGBỌ́N NÍTÒSÍ

A kò jìnnà sí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Walter Adey ṣí àpótí iyùn ààyè fún àwọn olùwòran ní National Museum of Natural History ti Smithsonian, ní Washington. Ewé inú omi ló fi ń fọ omi náà: ewé yìí ń fa ìdọ̀tí mọ́ra, wọ́n á sì máa gé e dànù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Green Line ní Branch Avenue, ẹ sọ̀ ní Archives, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ yín lọ wo bí òkun ṣe rí. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a lè wá jọ jókòó ṣe ìṣirò.

OMI NI ÌPÌLẸ̀

WSSC Water ló ń pèsè omi ẹ̀rọ fún wa ní Prince George's County, láti odò Potomac àti odò Patuxent. Omi náà dára fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi kílórínì sí i láti pa kòkòrò àrùn, wọ́n sì ń fi fọ́sífétì díẹ̀ sí i kí páìpù má baà máa jẹra. Kílórínì ń pa iyùn lára. Fọ́sífétì sì jẹ́ ajílẹ̀ fún ewé inú omi, èyí tó máa ń bo gíláàsì àti òkúta títí yóò fi bo iyùn gan-an mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ lo ẹ̀rọ asẹ́mi tí wọ́n ń pè ní RO/DI, tàbí kí ẹ ra omi tí a ti sẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà ẹja. Iyọ̀ òkun tí a pò fún iṣẹ́ yìí ni kí ẹ rà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é.

Àwọn òǹkà tí ẹ ó máa wá nìwọ̀nyí:

1. Iyọ̀: 35 gíráàmù nínú kìlógíráàmù omi kan. Lórí irinṣẹ́ ìwọniyọ̀, 1.025 sí 1.026 nìyẹn.
2. Ooru omi: 76 sí 80 lórí ìwọ̀n Fahrenheit.
3. Alkalinity: 8 sí 10 dKH. Calcium: 400 sí 450.
4. Nitrate: 5 sí 10. Fọ́sífétì: 0.03 sí 0.1.
5. Ammonia àti nitrite: òdo.

Ẹ má ṣe fi iyùn sínú omi tuntun. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ ìdọ̀tí di aláìléwu tó kún inú òkúta. Sùúrù ni baba ìwà, omi iyọ̀ kò sì yọ̀ǹda fún ẹni tó ń kánjú.

Bí omi bá ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí a sẹ́, tí kò ní iyọ̀, ni kí ẹ máa fi dí i lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá dànù, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ tuntun tó gbóná bákan náà rọ́pò rẹ̀. Bí òǹkà kan bá ṣì díẹ̀ ṣùgbọ́n tó dúró sójú kan, iyùn rírọ̀ yóò gbà á. Èyí tó ń lọ sókè sódò ni kò lè fara dà.

ÌMỌ́LẸ̀ NI OÚNJẸ ÀKỌ́KỌ́

Inú ẹran ara ọ̀pọ̀ iyùn rírọ̀ ni ewé kan ń gbé, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn ní èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Iyùn náà ń fún un nílé gbé, ó sì ń fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ ṣe ajílẹ̀ fún un. Àjọṣe wọn dà bí ti onílé àti ayálégbé tó ń san owó ilé lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí iná fi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ inú ìgò lọ. Iná LED tí a ṣe fún iyùn, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóòjọ́, ti tó. Ẹ fi aago sí i kó máa tan ara rẹ̀, kó sì máa pa ara rẹ̀. Bí iyùn bá jẹ́ tuntun, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn láti ìhà yìí sí ìhà ọ̀hún kó lè gbé oúnjẹ wá, kó sì gbé ìdọ̀tí lọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe kọjú sí iyùn kan ṣoṣo tààrà.

BÍ A ṢE Ń BỌ́ Ọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò mọ gbogbo èyí. Ọmọ wa ń fi edé kékeré bọ́ àwọn iyùn náà lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, Sarcophyton ká ọwọ́ rẹ̀ jọ fún bí ọjọ́ márùn-ún, awọ kan tó ń dán sì bò ó. Ìyá wa àgbà tó wá kí wa láti ilé rí i, wọ́n ní, "Ẹ̀dá Ọlọ́run yìí, ebi ń pa á." Wọ́n sì fún un ní búrẹ́dì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àlejò kì í wọlé wa kó má jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ka iyùn sí.

Àṣé awọ ni iyùn náà ń bọ́. Sarcophyton máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbàdégbà kí ìdọ̀tí lè kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn lára rẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Edé àti búrẹ́dì rà sínú omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi dàrú, nitrate ga sókè, Xenia sì yọ́ dànù bí ìyọ̀ inú ọbẹ̀.

Ohun tí a fi kọ́gbọ́n nìyí: oúnjẹ tí ẹ bá sọ sínú omi tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, gbèsè ni. Kò lọ síbì kan, ó ń lé èlé ni. Ní báyìí, bí a ti ń ṣe é nìyí:

1. Bí ẹja kékeré méjì tàbí mẹ́ta bá wà nínú omi, ẹja la ń bọ́. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́nu ẹja àti ìgbẹ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún iyùn.
2. Bí a bá fẹ́ fi kún un, a máa ń lo phytoplankton tàbí oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹnu Sarcophyton àti Sinularia kéré, wọn kò lè gbé edé mì.
3. A máa ń pò ó mọ́ omi inú àpótí náà nínú kọ́ọ̀bù, a ó pa asẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ṣùgbọ́n a kì í pa ẹ̀rọ tó ń mú omi ṣàn. A ó dà á díẹ̀díẹ̀, a ó sì tan asẹ́ padà.
4. Discosoma àti zoanthid lè gba ègé edé tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tí wọn kò bá gbà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kúrò.
5. A máa ń wọn nitrate lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ń gòkè, a ó dín oúnjẹ kù.

Ẹ ṣọ́ra fún Dendronephthya. Àwọ̀ rẹ̀ pupa, ó sì yẹ ojú, ṣùgbọ́n kò ní ewé nínú ara. Oúnjẹ wẹ́wẹ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé látòwúrọ̀ dalẹ́, ó sì ṣòro púpọ̀ láti bọ́ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ebi ń pa kú nínú gíláàsì. Òun nìkan ni ebi ń pa nínú gbogbo àwọn tí a dárúkọ. Ẹ má ṣe rà á.

Ohun kan ṣì kù. Àwọn iyùn rírọ̀ máa ń tú oró sínú omi láti lé ara wọn sẹ́yìn. Ẹ fi àyè sáàárín wọn, kí ẹ sì fi èédú asẹ́ sínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ DÁKUN, Ẹ KA IBÍ YÌÍ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Lẹ́yìn tí omi bàjẹ́, a kó àwọn òkúta jáde sí ilé ìdáná láti fọ̀ wọ́n. Ìyá wa àgbà, tí wọn kò gba ìgbàkugbà lórí ìmọ́tótó, ti gbé omi ká iná. Bí wọ́n ṣe fẹ́ da omi gbígbóná lé òkúta ni ọmọ wa sáré wọlé, tó ń pariwo. Ó ti kà nípa rẹ̀. Àwa kò mọ̀.

Zoanthid ló wà lára òkúta náà. Àwọn zoanthid kan, pàápàá Palythoa, ní oró tí wọ́n ń pè ní palytoxin, ó sì wà lára àwọn oró tó lágbára jù lọ tí ẹ̀dá kankan ń mú jáde. Bí omi gbígbóná tàbí iná bá kàn án, oró náà lè bá ooru gòkè, kí gbogbo ilé sì fà á símú. Ó lè gba ojú egbò tàbí ẹyinjú wọlé. Ní 2015, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, CDC, tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn tó ṣàìsàn báyìí ní Alaska láàárín 2012 sí 2014, nínú ilé àti nínú ilé ìtajà ẹja. Ní 2018, gbogbo ìdílé kan ní Oxfordshire, ní Ìlú Ọba, dé ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń fọ àpótí omi.

Nítorí náà: ẹ má ṣe se òkúta inú omi iyọ̀, ẹ má ṣe da omi gbígbóná lé e, ẹ má sì ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ikọ́, ibà, èémí tó ń kúrú tàbí adùn irin lẹ́nu bá bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáde síta, kí ẹ sì pe 911 tàbí Poison Control ní 1-800-222-1222. Ẹ sọ orúkọ palytoxin fún dókítà, nítorí pé ó lè má tètè wá sí wọn lọ́kàn. Bí òbí tàbí àlejò bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé.

BÍ INÁ BÁ LỌ

Ní ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kẹfà, 2012, ooru dé 104 Fahrenheit ní pápákọ̀ òfurufú Reagan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní derecho já kọlu agbègbè wa, iná sì lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé fún ọjọ́ púpọ̀. Nílé wa, omi gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ẹja kú. Nínú gbogbo iyùn, Sarcophyton kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, iye rẹ̀ kò sì tó owó ìyà tí a jẹ.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe fi oúnjẹ sínú omi. Nígbà ooru, ẹ dì ìgò omi ní yìnyín, kí ẹ gbé e sójú omi. Nígbà òtútù, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo gíláàsì. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kì í ṣe inú gáréèjì. Kò sí iyùn tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpótí 40 gálọ́ọ̀nù. Iná LED 100 wáàtì fún wákàtí mẹ́sàn-án jẹ́ 0.9 kWh lóòjọ́. Ẹ̀rọ omi 30 wáàtì fún wákàtí 24 jẹ́ 0.72. Bí ẹ̀rọ amúmigbóná bá ń lo 50 wáàtì ní ìdọ́gba, 1.2 nìyẹn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2.82 kWh lóòjọ́, nǹkan bí 85 lóṣù. Ẹ wo iye tí ẹyọ kan jẹ́ lórí bíìlì yín. Bó bá jẹ́ 20 sẹ́ǹtì, dọ́là 17 lóṣù nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi jẹ́ gálọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ́sẹ̀, nítorí náà iyọ̀ tó ń ṣe 160 gálọ́ọ̀nù yóò lò tó ọ̀sẹ̀ 40. Ẹ fi owó asẹ́, èédú àti irinṣẹ́ ìwọnmi kún un. Bí owó oṣooṣù yìí bá ni ilé lára, ẹ má ṣe ra gíláàsì rárá, nítorí pé ọjọ́ tí a bá dáwọ́ dúró ni wọ́n kú.

Ṣé iyùn lè mówó wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Bí a bá fi abẹ mímú gé Sinularia tàbí Capnella, ègé náà yóò gbá òkúta mú, yóò sì di odindi. Láti ara Sarcophyton tó yè ìjì 2012 ni ọmọ wa ti gé ègé tà fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí:

1. Owó tó bá wọlé, ẹ sọ ọ́ fún IRS, ìbáà jẹ́ eré ìdárayá tàbí òwò.
2. Bó bá jẹ́ eré ìdárayá, ẹ kò lè yọ ìnáwó kúrò. Bó bá jèrè lọ́dún mẹ́ta nínú márùn-ún, IRS yóò sábà gbà pé òwò ni.
3. Bí èrè òwò bá tó 400 dọ́là lọ́dún, owó-orí ìdáwọ́lé-ara-ẹni wọlé dé, kódà bó jẹ́ ọmọdé ló ń tà.
4. Ní Maryland, owó-orí ọjà jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Comptroller.

Ègé tí a gbìn nínú ilé ni kí ẹ máa rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ́ láti inú òkun. Bó bá sú yín, ẹ fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe dà á sínú òkun. Ní Venezuela, iyùn rírọ̀ kan tó ń jẹ́ Unomia stolonifera, tí wọ́n gbà pé láti ọwọ́ oníṣòwò iyùn ló ti débẹ̀, ti bo ilẹ̀ abẹ́ omi lọ bẹẹrẹ, ó sì ń pa iyùn ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bèèrè iyùn, ẹ fún un ní ìwé àti bírò kí ẹ tó fún un ní gíláàsì. Kó kọ òǹkà omi, oúnjẹ àti owó sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ wa ti kúrò nílé báyìí, ó ń gbé ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà nídìí àpótí. Àwa la ń kọ ọ́ lọ. Tí ìyá wa àgbà bá pè láti ilé, wọ́n á bi wá pé, "Ṣé iyùn yín ti jẹun?" A máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin Mama, a ti tan iná fún un."

Ẹ gé ojú ewé yìí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ó dìgbà kan ná. Kí Olúwa bù sí àpò gbogbo wa.